Àìsàn Kì Í Dájọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Adójútòfò Ìlera fún Agbo Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ àwọn Ìjòyè àti ọmọ ìlú ní Ẹ̀pinmì Àkókó

  Ó ti mọ́ Ẹgbẹ́ wa lára láti pè yín jọ nítorí ọ̀rọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ àṣà àti ọ̀rọ̀ oyè. Lónìí, ọ̀rọ̀ ara ni a gbé wá. Ẹni tí ó wà láàyè ni ó ń sọ èdè baba rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ sì le ni ó ń gbé àṣà ró. Nítorí náà, a kò kúrò lójú ọ̀nà wa rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, aya ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí rọbí lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ilẹ̀ tún ṣú tí ọmọ kò wá, a gbé e sínú ọkọ̀, a sì gba ọ̀nà àárín òkè lọ sí ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ, a gbọ́dọ̀ san owó sílẹ̀. Ọkọ tú àpò rẹ̀, kò tó ìdajì. A bẹ̀rẹ̀ sí tẹ fóònù: a jí ẹ̀gbọ́n ní Èkó, a jí àbúrò ní Àkúrẹ́, a jí akọ̀wé àjọ lórí ibùsùn rẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni ó gbà kí owó tó pé. Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Kí wọ́n tó dá ìyá sílẹ̀ kúrò níbẹ̀, oko kòkó tí baba ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ti di ohun ìdógò lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ìkórè mẹ́fà.

Ohun tí ó ń dùn wá títí di òní ni èyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn ènìyàn wá bá wọn kẹ́dùn, owó tí ọ̀rẹ́ àti ìbátan fi sílẹ̀ lórí ẹní pọ̀ ju owó tí ilé ìwòsàn béèrè lóru ọjọ́ náà lọ. Owó wà, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ìfẹ́ náà wà. Ẹ̀yìn ọ̀ràn ni àwọn méjèèjì dé.

Iṣẹ́ tí adójútòfò ìlera ń ṣe kò ju èyí lọ: ó ń mú kí owó dé ibi àìsàn kí aláìsàn tó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń dá owó sínú àpò kan nígbà tí ara le, bí àìsàn bá sì dé bá ẹnikẹ́ni nínú wọn, àpò náà ni yóò sanwó fún ilé ìwòsàn. Kò sí ẹni tí yóò máa jí ẹ̀gbọ́n lóru mọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ọgbọ́n òyìnbó ni èyí, kò bá ilé wa mu. A kò gbà. Nígbà tí a tẹ ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ jáde ní 1921, èsúsú wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn baba wa ti ń ṣe. A mọ àjọ, a mọ àáró, a mọ ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí àárín wọn, nítorí àìmọ ìyàtọ̀ yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí adójútòfò lẹ́yìn ọdún kan péré. Nínú èsúsú, iye tí ènìyàn dá ni yóò kó; bí àwọn méjìlá bá ń dá a lóṣooṣù, oṣù olúkúlùkù yóò kàn án. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́dún yìí kò ní kó owó rẹ̀ padà, nítorí a ti fi tọ́jú ẹni tí ó ṣàìsàn. Ọ̀wẹ̀ ni ó fi jọ. Nígbà tí ìjì bá ṣí òrùlé ẹnìkan, ìlú a lọ bá a bò ó. Ẹni tí ìjì kò ṣí òrùlé tirẹ̀ kì í jókòó máa ka ọjọ́ tí ó fi ru koríko, kí ó wí pé òun pàdánù. Ọpẹ́ ni í dá. Bí a bá fi ojú èsúsú wo adójútòfò, a ó pè é ní olè. Bí a bá fi ojú ọ̀wẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ọmọ ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun mìíràn. Nígbà àtijọ́, ìnáwó àìsàn àti ìnáwó òkú wà lára ohun tí ń sọ ọmọ ènìyàn di ìwọ̀fà. A máa ń wí pé ìwọ̀fà ti parí. Oko tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ìkórè mẹ́fà ńkọ́? Ọmọbìnrin tí a yọ kúrò ní ilé-ìwé nítorí pé owó rẹ̀ ni a fi ra ẹ̀jẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ni ó yí padà.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí a ń wò gẹ́gẹ́ bí àgbà nínú ọ̀ràn yìí kò fi ọjọ́ kan débẹ̀. Ní Jámánì, nígbà Bismarck, a ṣe òfin ní 1883 pé kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ máa dá owó àìsàn. Ìlú Ọba ṣe tirẹ̀ ní 1911, kò sì di ọjọ́ 5 oṣù Keje 1948 kí ètò tí gbogbo ará ìlú fi ń gba ìtọ́jú láìsanwó lójú ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́bàá wa níhìn-ín, àwọn ará Ghana ṣe òfin adójútòfò tiwọn ní 2003, wọ́n sì ń yọ owó díẹ̀, náírà méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún bí a bá fi owó tiwa sọ ọ́, lórí ọjà títà láti fi gbé e ró. Ní Kúwárà, a bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ṣóńgà ní 2007 fún àwọn àgbẹ̀. Àgbẹ̀ a san ìdá kékeré, owó ìrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Netherlands àti ti ìjọba Kúwárà a san èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn àgbẹ̀ rí ìtọ́jú gbà. Ṣùgbọ́n owó àlejò kì í gbé ilé ẹni títí. Nígbà tó yá, ìpínlẹ̀ ní láti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn.

Ní Nàìjíríà, 1962 ni a kọ́kọ́ gbé irú àbá yìí kalẹ̀, nígbà tí Dókítà Moses Májẹ́kódùnmí jẹ́ Mínísítà Ìlera. Àbá náà kò múlẹ̀. Ó di 1999 kí òfin tó jáde, ó sì di 2005 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àgbẹ̀, oníṣòwò, télọ̀ àti awakọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tuntun tí ó fagi lé ti ìṣáájú. Òfin náà dá àjọ tí a ń pè ní NHIA sílẹ̀, ó sì wí pé ó di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà láti ní adójútòfò ìlera. Ṣùgbọ́n dandan orí ìwé yàtọ̀ sí dandan ilé. Nínú gbogbo náírà mẹ́wàá tí a ń ná lórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, ó lé ní méje tí ó ń ti àpò aláìsàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde tààrà.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa náà ní ìtàn. Ní 2009, nígbà Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ètò Abiyẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Ní 2010 a ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, níbi tí aboyún ti ń bímọ láìsanwó nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tí a bí níbẹ̀, a kò sì ní gbàgbé oore náà. Síbẹ̀, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ sinmi lé ọwọ́ ẹni tí ó wà lórí àga. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera alájọdá, àti nígbà ìjọba olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ètò tí a pè ní Abiyamọ jáde fún àwọn aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àwọn wọ̀nyí ni ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni pé, ilẹ̀kùn wo ni ó yẹ kí olúkúlùkù gbà?

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà. Èkíní ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ńlá, tí a ń yọ owó rẹ̀ láti inú owó oṣù. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ ni a pín fún òṣìṣẹ́, ìdá 10 fún agbanisíṣẹ́. Èkejì ni ti ìpínlẹ̀, tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò lè fi owó ara wọn wọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ilé-iṣẹ́ aládàáni tí a ń pè ní HMO, àti ètò ti NHIA tí ẹnìkan, ìdílé tàbí ẹgbẹ́ lè wọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GIFSHIP. Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn aláìní. Òfin ìlera ti 2014 pàṣẹ pé kí a máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ ni a sì fi ń sanwó fún tálákà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ní ilé ìtọ́jú aláìsàn tí a yàn ní wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Nísinsìnyí, báwo ni baálé ilé yóò ṣe yàn? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ka agbo ilé.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le jù fún àwa Yorùbá. Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ìdílé ni ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀, ọkọ tàbí aya kan, àti ọmọ mẹ́rin tí ó bí, tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Ẹni mẹ́fà ni èyí. Ta ni nínú wa tí ilé rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà? Ìyá àgbà wà nínú yàrá, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àbúrò aya ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó ń kàwé ní Àkùngbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó ti kú wà níbẹ̀, a kò jẹ́ fi ẹnu sọ pé kì í ṣe ọmọ wa. Aya kejì wà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Òfin kò rí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá forúkọ ẹni mẹ́fà sílẹ̀ tí ó sì lọ sùn, tí ó rò pé òun ti bo agbo ilé òun, àárín ilé nìkan ni ó bò. Òjò yóò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà púpọ̀, ìyá àgbà tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ yóò gba oko lọ́wọ́ wa.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ ó sanwó fún bí ó bá ṣàìsàn, ìbáà ṣe ọmọ tí ẹ bí tàbí ọmọ tí ẹ gbà. Ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti àìsàn tí ẹ mọ̀ mọ́ ọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ẹni tí ó lóyún, ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé náà lọ bá àwọn tí ń ta ètò, kí ẹ sì béèrè pé: Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni ẹ gbà? Èwo ni a lè fi owó kún kí ẹ tó gbà? Èwo ni kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀? Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lè fi aya àti ọmọ mẹ́rin sínú ètò iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì ra ti ìpínlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Aya kejì tí ó ní ìṣòwò tirẹ̀ lè jẹ́ olórí ìwé fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ni kí a pín ọmọ sí ẹni tí a bò àti ẹni tí a kò bò nínú ilé kan náà.

Èkejì ni ilé ìwòsàn. Ètò tí ó dára ní Èkó lè jẹ́ ìwé lásán ní Ẹ̀pinmì. Ẹ béèrè pé: Ilé ìwòsàn wo ni ó wà nínú ìwé yín ní Àkókó? Ṣé ti ìjọba ní Ìkàrẹ́ wà níbẹ̀? Bí ọ̀ràn bá tóbi, ṣé a lè dé ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀? Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ lóru? Ẹ̀yin mọ àwọn òkè wa, ẹ sì mọ ọ̀nà wa nígbà òjò. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní àyè àtilọ jìnnà.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí owó náà ń san àti ohun tí kò ń san. Ibà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí wà nínú ọ̀pọ̀ ètò. Àwọn ohun tí ó wọ́n, bí ìfọ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí oògùn jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ ètò kò ń san án tàbí kí wọ́n san án ní ìwọ̀n díẹ̀. Nínú ètò NHIA, aláìsàn fúnra rẹ̀ ń san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó oògùn. Bí a kò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀, a ó máa bá nọ́ọ̀sì jà nígbà tí ó bá béèrè owó tí òfin gbà á láyè láti béèrè.

Ó yẹ kí a mọ bí owó náà ṣe ń rìn pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn tí ẹ yàn fún ìtọ́jú kékeré ń gba owó kan pàtó lóṣooṣù lórí olúkúlùkù yín, bí ẹ wá bí ẹ kò wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦750 ni owó náà lórí ẹnìkan lóṣù nínú ètò ìjọba àpapọ̀. Ẹ rí i pé ilé ìwòsàn jèrè nígbà tí ẹ kò bá wá, kò sì jèrè púpọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fún oníkáàdì ní oògùn orí fífọ́ tí wọ́n sì ń ní kí ó máa lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe ya káàdì náà. Ẹ ní àṣẹ láti yí ilé ìwòsàn padà, ẹ sì ní àṣẹ láti fi ẹjọ́ sùn. Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìwé tí yóò rán yín sí ọ̀dọ̀ dókítà àgbà. Ẹni tí ó bá fò lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láìgba ìwé yìí, àyàfi bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, ó lè fi owó ara rẹ̀ san án.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò ìdúró. Ọ̀pọ̀ ètò kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí a sanwó. A ó dúró fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Nítorí kí ni? Nítorí pé bí gbogbo ènìyàn bá ń dúró títí àìsàn yóò fi dé kí wọ́n tó dá owó, àpò náà yóò gbẹ. Ẹni tí aya rẹ̀ wà nínú oṣù kẹjọ tí ó ń sáré lọ forúkọ sílẹ̀, ó ti pẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ̀karùn-ún ni iye owó, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi ètò Èkó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìlera Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ₦8,500 ni ẹnìkan ń san lọ́dún, ìdílé ẹni mẹ́fà sì ń san ₦40,000. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ẹni mẹ́rin bá wà nílé, mẹ́rin lọ́nà ₦8,500 jẹ́ ₦34,000. Ó sàn kí wọ́n san án lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, yóò di ₦42,500; ti ìdílé ni ó rọrùn. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, ₦51,000 ni ìbá jẹ́, wọ́n sì fi ti ìdílé jèrè ₦11,000. Owó wọ̀nyí ti yí padà láti ìgbà náà, ti Oǹdó kò sì rí bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣírò kò yí padà. Ẹ gba iye owó ti òní lẹ́nu àjọ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ṣe ìṣírò náà lórí ìwé tí ẹ kọ orúkọ sí, kí ẹ sì fi í wé gbogbo ohun tí ẹ ná sórí oògùn àti ilé ìwòsàn ní èṣí. Ètò tí owó rẹ̀ kéré jù tí kò sì ní ilé ìwòsàn nítòsí, ọ̀wọ́n ni.

Àwa àgbẹ̀ ní ìgbà owó, a sì ní ìgbà àìlówó. Nítorí náà, oṣù tí a bá ta kòkó ni ó yẹ kí a san ti ọdún kan pẹ̀lẹbẹ, kí owó náà tó wọ inú aṣọ àti ariwo ọdún.

Ẹ̀kẹfà ni ọwọ́ tí a ń kó owó lé. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ń kiri ilé láìsí ìwé. Ẹ béèrè bóyá NHIA tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ san owó sí báǹkì, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe: ní ọjọ́ kan tí ara le, ẹ mú káàdì yín àti nọ́mbà ìdánimọ̀ yín lọ sí ilé ìwòsàn náà, kí ẹ sì béèrè bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé wọn. Ó sàn kí a gbọ́ pé kò sí níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí kò sí nǹkan tí ń ṣe wá, ju kí a gbọ́ ọ lóru nígbà tí ọmọ ń gbọ̀n.

A mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn. Wọ́n ń wí pé ìjọba ti jẹ owó wa rí, yóò tún jẹ èyí. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: owó tí ẹnìkan dá, ó rọrùn láti jẹ ẹ́, owó tí ìlú jọ dá, tí akọ̀wé ìlú mọ iye rẹ̀, tí Ọba ń béèrè rẹ̀ lóṣooṣù, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbé e mì. Àwọn mìíràn ń wí pé ẹni tí ó bá ń múra sílẹ̀ de àìsàn, ó ń pe àìsàn. Ṣé ẹni tí ó ra àkàbà ni ó pe iná? Àwọn mìíràn sì wí pé Ọlọ́run ni olùwòsàn. A ṣe Àmín. Ọlọ́run náà ni ó dá òjò, àwa ni a sì ń kan òrùlé.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wa kàn yín, ẹ̀yin Ìjòyè. Baálé ilé kan ṣoṣo tí ó bá lọ forúkọ sílẹ̀ kò ní ohùn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀ yín fún.

Ẹ jẹ́ kí ìpàdé ìlú pe àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ìlera ìpínlẹ̀ wá sí gbàgede yìí, kí wọ́n wá ṣàlàyé, kí a sì forúkọ sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ní ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí àlàyé náà jẹ́ ní Yorùbá àti ní Ehuẹun, èdè ilé Ẹ̀pinmì, nítorí àwọn ìyá àgbà tí ó nílò rẹ̀ jù ni èdè ìwé kò yé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé àwọn aláìní ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹ̀yin ni ẹ mọ opó tí kò ní ẹnìkan, ẹ̀yin ni ẹ mọ arọ tí ó wà ní igun ìlú. Bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, ọmọ ẹni tí ó ń kọ ìwé ni yóò kún ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ọmọ wa ní Èkó, ní Abuja àti lókè òkun sọ̀rọ̀. Nígbà tí baba bá kú, wọn a rán owó màlúù, owó àgọ́ àti owó aṣọ ẹbí. A kò ní kí wọ́n má sin baba wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò rán owó màlúù ní ọjọ́ ìsìnkú kọ́kọ́ san owó káàdì baba rẹ̀ nígbà tí baba ń mí. Ó lè jẹ́ pé màlúù náà yóò dúró fún ọdún mẹ́wàá sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí a yan ẹni mẹ́ta, ó kéré tán obìnrin kan nínú wọn, tí yóò máa lọ sí ilé ìwòsàn lóṣooṣù láti béèrè bí a ti ń ṣe sí oníkáàdì. Ilé ìwòsàn tí ó bá mọ̀ pé ìlú ń wo òun kò ní rán obìnrin tí ń rọbí padà sí ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ wà láàrin wa níhìn-ín. Ìkórè tí ó kù lórí oko rẹ̀ jẹ́ méjì. Aya rẹ̀ ti lóyún mìíràn. Ní èṣí, ní oṣù tí a ta kòkó tí ó dá lórí ìpín kékeré tí ó kù fún un, ó ra ètò fún ẹni mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ wà nínú wọn. Nígbà tí a bi í pé kí ló dé tí kò fi owó náà ra oko rẹ̀ padà kíákíá, ó ní oko lè dúró dè òun.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí owó wa ṣáájú àìsàn wa. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a rí ohun tí a ń dá owó sílẹ̀ dè. Bí a bá sì rí i, kí ó bá wa ní ìmúrasílẹ̀.